Kọ̀ǹkọ̀: Ibùgbé Rẹ̀ àti Ìdáàbòbò Rẹ̀

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tán tí ilẹ̀ sì ṣú, ohùn àwọn ẹ̀dá inú ọ̀gọ̀dọ̀ a máa gba àdúgbò kan. Yorùbá kò fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo wọn: ọ̀pọ̀lọ́ wà, àkèré wà, kọ̀ǹkọ̀ sì wà, èyí tí ó tóbi láàárín àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹkọ̀ wọ̀nyí ni Albert Günther ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ní ọdún 1858. Hoplobatrachus occipitalis ni wọ́n ń pè é lónìí.

Kì í ṣe ẹ̀dá ilẹ̀ kan ṣoṣo. Láti Sẹ̀nẹ̀gàl títí dé Etiópíà, àti láti etí aṣálẹ̀ títí dé Àǹgólà, ni a ti ń rí i. Gígùn ara rẹ̀ lè ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Ìlà kan tí ó mọ́lẹ̀ ju ara yòókù lọ dábùú orí rẹ̀ lẹ́yìn ojú. Ọ̀rọ̀ náà occipitalis sì jẹ mọ́ ìpàkọ́. Òkè orí ni ojú rẹ̀ wà, nítorí náà ó lè rì gbogbo ara sínú omi kí ó sì máa wo ayé. Bí ẹ̀rù bá bà á, a máa ta pọ́ún-pọ́ún lórí omi bí òkúta pẹlẹbẹ tí ọmọdé jù.

Ọ̀dàn ni ilé rẹ̀ gan-an: etí odò, adágún, irà, oko ìrẹsì àti kòtò tí àwọn alágbàṣe ọ̀nà gbẹ́ sílẹ̀. Ní ilẹ̀ igbó, ibi tí ènìyàn bá ti ṣán igbó tí oòrùn sì ti ráyè wọlé ni ó ń tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n inú omi òjò tí kì í pẹ́ gbẹ ni ó sábà máa ń yé ẹyin sí, nítorí pé ẹja kò sí níbẹ̀ láti jẹ ọmọ rẹ̀. Ewu méjì ni ó kù: omi lè tètè gbẹ, àwọn légbélègbé, ìyẹn àwọn ọmọ tí ó ṣì ní ìrù, sì lè pa ara wọn jẹ. Ní igbó ọba Comoé ní Ivory Coast, Spieler àti Linsenmair fi hàn ní ọdún 1997 pé abo kì í kàn yé ẹyin síbi tí ó bá ṣáà rí. Ó ń yan omi, ó sì ń yẹra fún èyí tí àwọn légbélègbé irú tirẹ̀ ti wà. Àwọn ọmọ yìí tún ń jẹ tanwíjí, èyí tí ìbá di ẹ̀fọn.

Àjọ àgbáyé IUCN kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ewu wọn kéré jù. Ìdí méjì wà tí èyí kò fi yẹ kí ó mú ọkàn ẹnikẹ́ni balẹ̀. Èkínní ni pé orúkọ kan lè bo irú ẹ̀dá púpọ̀ mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1976, Bogart àti Tandy sọ ọ́ di mímọ̀ pé àwọn kan ní Làìbéríà ní ìlọ́po méjì krómósómù tí ti ibòmíràn ní. Bí ó bá jẹ́ pé irú ọ̀tọ̀ ni àwọn wọ̀nyí, a lè pàdánù wọn kí a má tilẹ̀ mọ̀, nítorí pé kọ̀ǹkọ̀ ṣì pọ̀ níbòmíràn.

Èkejì ni ọjà. Ní Burkina Faso, ní àríwá Benin àti ní Nàìjíríà, a ń pa kọ̀ǹkọ̀, a ń sá a gbẹ tàbí kí a dín in, a sì ń tà á. Àwọn apẹ̀pọ̀lọ́ láti Nàìjíríà ti ń kọjá ààlà lọ sí Malanville ní Benin láti wá a. Àwọn àgbà ní ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Ó yẹ kí a béèrè ohun tí ó lé ọdẹ kúrò létí odò tirẹ̀.

Ìbátan rẹ̀ ní Índíà, Hoplobatrachus tigerinus, lè jẹ́ àríkọ́gbọ́n. A kó itan rẹ̀ lọ sí òkè òkun lọ́pọ̀ yanturu títí tí a fi fi í sábẹ́ àdéhùn CITES ní ọdún 1985, Índíà sì fòfin de òwò náà ní ọdún 1987. Òun náà pọ̀ rí.

Ìdáàbòbò kọ̀ǹkọ̀ kò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹran. Kí a fi í sílẹ̀ ní àsìkò tí ó ń yé ẹyin. Kí a má fi ìdọ̀tí dí gbogbo ọ̀gọ̀dọ̀ ẹ̀yìnkùlé. Kí a má ṣan ìgò oògùn oko sínú omi. Olùkọ́ sì lè ní kí àwọn ọmọ ilé ìwé máa kọ ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́dọọdún. Ohun tí ó wọ́pọ̀ ni a kì í kà. Ohun tí a kò kà ni a kì í mọ ìgbà tí ó dín.