Bí kò bá ti dùn, ọkùnrin kò ní í rà á: Ohun tí ọ̀fàdà fi han àwọn olóúnjẹ

Ẹ wo bùkà tó bá kún ní aago kan ọ̀sán. Mẹkáníìkì, awakọ̀, bíríkìlà, akọ̀wé báńkì, ọkùnrin ló máa ń pọ̀ jù níbẹ̀. Dókítà ti kìlọ̀ fún àwọn kan nínú wọn nípa ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ. Síbẹ̀, bí ìyá olóúnjẹ bá gbé ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ kò tó síwájú wọn, wọn kò ní í bá a jà. Wọn yóò kàn gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ lọ́jọ́ kejì ni. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ olóúnjẹ kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ oúnjẹ aṣaralóore sétí.

Àmọ́ ọjà kan wà tó fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀nà àbáyọ. Ìrẹsì ọ̀fàdà gba orúkọ rẹ̀ lára ìlú Ọ̀fàdà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, ìpínlẹ̀ Ògùn. Wọn kì í bó o funfun báláú bíi ti òkè òkun. Èèpo inú máa ń kù lára rẹ̀, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú fítámì ìrẹsì wà. Láyé ìjọ́un, oúnjẹ ará oko ni wọ́n kà á sí. Òórùn rẹ̀ ń lé àwọn kan, òkúta inú rẹ̀ sì ń dun eyín. Lónìí, òde àríyá ni wọ́n ti ń du ú.

Ìwàásù dókítà kọ́ ló yí i padà. Ọbẹ̀ ni. Ayamáṣe, tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ọwọ́ àwọn ará Ìkẹ́nnẹ́ ló ti wá: ata tútù aláwọ̀ ewé, irú, epo pupa tí wọ́n yọ́, ẹyin, ṣàkì àti pọ̀nmọ́, kí wọ́n wá bù ú sórí ìrẹsì nínú ewé. Ọkùnrin tó ń jẹ ẹ́ kò ro ti ìlera, adùn ló ń lé. (Òótọ́ ni pé epo inú ọbẹ̀ náà lè ba ire tí ìrẹsì ṣe jẹ́. Epo ni kí olóúnjẹ dín kù, kó má fọwọ́ kan irú.)

Iyọ̀ ló ṣòro jù. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 lóòjọ́, ìyẹn ṣíbí tíì kan péré, bẹ́ẹ̀ iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú màgí. Ẹni tó bá gé e lẹ́ẹ̀kan náà yóò pàdánù oníbàárà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yọ iyọ̀ inú búrẹ́dì láàárín ọdún 2001 sí 2011, ó sì dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún láìjẹ́ pé àwọn èèyàn pa búrẹ́dì tì. Ahọ́n máa ń mọ́ra. Irú, àlùbọ́sà àti ẹja gbígbẹ náà ń di àlàfo tí iyọ̀ bá fi sílẹ̀.

Orúkọ tún wà níbẹ̀. Ọdún 1982 ni Coca-Cola gbé Diet Coke jáde, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́kùnrin kà á sí ohun mímu obìnrin. Ní 2005, ilé-iṣẹ́ náà gbé Coke Zero dé, wọ́n mú adùn rẹ̀ súnmọ́ ti Coke gan-an, nígbà tó sì yá, wọ́n fi àwọ̀ dúdú pa á láṣọ. Olóúnjẹ tó bá kọ "oúnjẹ alátọ̀gbẹ" sára pátákó rẹ̀ ń lé ọkùnrin dànù. Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbóná pẹ̀lú ewédú àti gbẹ̀gìrì ni kó kọ síbẹ̀. Alátọ̀gbẹ yóò rí i, ẹni tí ara rẹ̀ le náà yóò jókòó.

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò lè fi ìkòkò kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kó sì máa wo àwo tó ń padà wálé ìdáná. Bí ọbẹ̀ bá ń ṣẹ́kù sínú wọn, a jẹ́ pé ó ti yára dín iyọ̀ kù jù.