Kọ̀ǹpútà Tí Kò Tàn Kò Tíì Kú: Ọ̀nà Tí Iná Gbà Wọlé Ni Ká Tọ̀

Bí iná ọba bá dé lójijì ní Ọ̀rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí ariwo "Up NEPA!" gba àdúgbò kan, ohun tí ọ̀pọ̀ ilé máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n sáré ki gbogbo nǹkan bọ iná: fóònù, fíríìjì, pọ́ǹpù omi, àti kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ kan wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà kọ̀ǹpútà sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á tẹ bọ́tìnì, kò ní dún, kò ní tàn. Tàbí kí iná kékeré iwájú rẹ̀ tàn, kí fáànù máa yí, ṣùgbọ́n kí ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìdájọ́ ti jáde: "Ó ti jó." Ẹni tó bá gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù lè gbọ́ pé bọ́ọ̀dù, pákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́, ló lọ, kí owó tí wọ́n pè sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tòkunbọ̀ mìíràn. Èrò tèmi ni pé ìdájọ́ yìí máa ń yá jù. Kọ̀ǹpútà ní àwọn ìpele tó ń là kọjá kó tó jí, ibi tó bá sì ti dúró lójú ọ̀nà ló ń sọ ohun tó ṣe é. Ẹni tó bá tọ ọ̀nà náà ní ìtẹ̀léra, láti ibi tí iná ti wọlé, á rí i pé ohun tó bàjẹ́ sábà máa ń jẹ́ nǹkan kékeré tí a lè yọ, tí a lè nù, tàbí tí a lè pààrọ̀ láìfọwọ́ kan ìyókù.

Iná tó ń wọ ilé wa jẹ́ fóltì 230, kò sì sí ẹ̀yà kọ̀ǹpútà kan tó lè gbà á bẹ́ẹ̀. Àpótí irin tó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà orí tábìlì, èyí tí àwọn tó ń tún un ṣe ń pè ní páwà páàkì, ló ń sọ ọ́ di fóltì 12, 5 àti 3.3. Fún láptọ́ọ̀pù, ṣájà ló ń kọ́kọ́ dín iná náà kù. Nínú ìlànà ATX tí ilé-iṣẹ́ Intel gbé kalẹ̀ ní ọdún 1995, tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì ṣì ń tẹ̀lé, páwà páàkì á kọ́kọ́ wò ó bóyá iná tí òun ń gbé jáde ti dúró déédé, kó tó fi àmì ránṣẹ́ sí bọ́ọ̀dù pé òun ti ṣe tán. Kò ju ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Bọ́ọ̀dù tí kò bá gba àmì yìí kò ní mira. Bí ó bá gbà á, ètò kékeré kan tó ń gbé orí bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, BIOS, á bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ẹ̀yà ara yòókù bí ìyá ṣe ń ka ọmọ lálẹ́: ṣé mẹ́mórì wà, ṣé kíbọ́ọ̀dù wà, ṣé ojú wà? Àyẹ̀wò yìí ti wà láti orí IBM PC tó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1981. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, ó ń dún "píìpù" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí nǹkan bá sọnù, dídún rẹ̀ á yàtọ̀. Ẹ̀yìn gbogbo ìyẹn ló tó lọ wá Windows lórí hard disk.

Nítorí náà, ẹni tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tó kọ̀ ti lè mọ àdúgbò tí ẹjọ́ wà kó tó tú skúrúù kan. Èyí tó dákẹ́ pátápátá, tí fáànù rẹ̀ kò yí rárá, ó jọ pé kò tíì rí iná jẹ. Kò sí ohun tó kan Windows nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹni tó bá sì ní kí wọ́n fọ́mátì rẹ̀ kàn ń sọ̀rọ̀ lásán ni. Èyí tí fáànù rẹ̀ ń yí tí ojú rẹ̀ dúdú ti jẹun, ṣùgbọ́n ó jọ pé kò yege nínú àyẹ̀wò. Èyí tó bá kọ ọ̀rọ̀ sójú, ìbáà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò dùn ún kà, bọ́ọ̀dù rẹ̀ ti jí, mẹ́mórì rẹ̀ ti jí. Hard disk tàbí Windows ni ká bi.

Ní Ọ̀rẹ̀ àti Odigbó, ẹnu ọ̀nà tí iná gbà wọlé ni mo gbà pé ó yẹ ká kọ́kọ́ fura sí. Ilé-iṣẹ́ Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́ tó ń fi gáàsì pèsè iná kò jìnnà sí Ọ̀rẹ̀, síbẹ̀ ẹkùn gúúsù Oǹdó tí ìjọba ìbílẹ̀ Odigbó wà mọ òkùnkùn dáadáa. Àwọn ìlú kan ní Òkìtìpupa, Ìlàjẹ, Ìrèlè àti Ẹsẹ̀-Odò lo ọ̀pọ̀ ọdún láìrí iná ọba rárá. Inú gríìdì orílẹ̀-èdè ni iná Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́ ń lọ, gríìdì náà sì wó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú oṣù kẹwàá ọdún 2024 nìkan. Iná tó lọ kì í sábà ba kọ̀ǹpútà jẹ́ tó iná tó ń padà bọ̀. Bó bá ti dé, fíríìjì àti pọ́ǹpù gbogbo àdúgbò á bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, iná á rẹlẹ̀, á tún fò sókè. Jẹnẹrétọ̀ kékeré náà ní tirẹ̀: bí epo bá ń tán lọ nínú rẹ̀, á máa kọsẹ̀, iná á máa lọ sókè sódò. Páwà páàkì ló ń fara gba gbogbo ìyà yìí kó má bàa dé inú. Ìdí nìyẹn tó fi wọ́pọ̀ pé òun ló máa ń kọ́kọ́ lọ, mo sì rí i bí ohun ìtùnú, torí skúrúù mẹ́rin àti wáyà díẹ̀ ló dì í mọ́bẹ̀.

Ẹ wo ohun kékeré kan tó ti ba páwà páàkì tòkunbọ̀ jẹ́ nílẹ̀ yìí. Lẹ́yìn àwọn kọ̀ǹpútà orí tábìlì àtijọ́ kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀, suwíìṣì pupa kan wà tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Wọ́n kọ 115 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, wọ́n kọ 230 sí ìkejì. Iná ilé ní Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bíi fóltì 120. Tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó bá ti Amẹ́ríkà bọ̀ lè dé pẹ̀lú suwíìṣì yẹn lórí 115, ẹni tí kò bá wo ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó kì í bọ iná á gbọ́ "gbòà!", òórùn ohun tó jó á sì gba yàrá. Ó dà bíi pé gbogbo rẹ̀ ti parí. Lọ́pọ̀ ìgbà, páwà páàkì nìkan ló kú. Bọ́ọ̀dù, mẹ́mórì àti hard disk ṣì wà láàyè lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn páwà páàkì tuntun àti ọ̀pọ̀ ṣájà láptọ́ọ̀pù kò ní suwíìṣì yìí mọ́, torí wọ́n ń gba láti fóltì 100 dé 240 fúnra wọn. Ó wà ní kíkọ sí ara wọn, ẹ kà á.

Ìta kọ̀ǹpútà ni kí àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ki ohun mìíràn bọ sókẹ́ẹ̀tì kan náà kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá iná wà níbẹ̀. Ẹ pààrọ̀ wáyà. Ẹ yọ sitebiláísà kúrò láàárín, torí òun náà lè ti bàjẹ́. Bó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù, ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì bó bá ṣeé yọ, kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí iná tó há sínú rẹ̀ tú dànù, kẹ́ ẹ tó fi ṣájà nìkan dán an wò. Ó dà bí ọ̀rọ̀ àwàdà, àmọ́ ó ti jí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù. Bí fáànù bá ń yí tí ojú dúdú, mẹ́mórì ló kàn. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, eyín aláwọ̀ wúrà tò sí etí rẹ̀ kan. Níbi tí ọ̀rinrin ilẹ̀ igbó ti ń pàdé eruku òpópónà Èkó sí Benin, bíi ti Ọ̀rẹ̀, ìdọ̀tí tí ojú kò tètè rí máa ń bo eyín yẹn. Ẹ yọ wáyà iná, ẹ fọwọ́ kan irin ara àpótí náà kí iná tó wà lára ènìyàn lè sá lọ, ẹ tẹ ohun tó há mẹ́mórì mọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, á sì yọ. Ẹ fi írésà ọmọ ilé-ìwé rọra nu eyín náà títí tí á fi dán, ẹ nu èérún rẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ tì í padà títí ẹ ó fi gbọ́ "kẹ́". Bó bá jẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, ẹ dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bátìrì tó dà bí owó kọ́bọ̀ lórí bọ́ọ̀dù, CR2032 onífóltì 3, ló ń tan àwọn ènìyàn jẹ jù. Òun ló ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà rántí aago àti ètò BIOS nígbà tí kò bá sí iná. Níbi tí iná ọba ti ń wà nígbà gbogbo, ó lè lo ọdún mélòó kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ó wà. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ń wà láìsí iná fún ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ kò ní ohun mìíràn tó ń gbé ìrántí rẹ̀ ró. Bí bátìrì yìí bá kú, ọjọ́ á padà sí ọdún tó ti kọjá tipẹ́. Lórí àwọn kọ̀ǹpútà kan, ètò BIOS náà á padà sí bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ wá, á wá máa wá Windows níbi tí kò sí, á sì kọ ọ́ sójú pé òun kò rí ohun tí òun lè fi tàn. Hard disk wà níbẹ̀, iṣẹ́ wà lórí rẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Síbẹ̀ ibẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ti ń fọ́mátì iṣẹ́ ọdún mẹ́rin dànù, ohun tó ń dùn mí nìyẹn, torí bátìrì kékeré kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ì bá ti tó. Ìkìlọ̀ kan: lórí àwọn Windows tuntun tí ètò ààbò BitLocker ti ti hard disk wọn pa, yíyí ètò BIOS padà lè mú kó béèrè kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà 48. Ẹ rí i pé ẹ ti wá a rí nínú àkáǹtì Microsoft yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Kì í ṣe Ọ̀rẹ̀ nìkan ni kọ̀ǹpútà tí kò tàn ti ń jẹ́ ẹjọ́ ohun kékeré. Ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2024, kọ̀ǹpútà Windows bíi mílíọ̀nù 8.5, gẹ́gẹ́ bí Microsoft ṣe ṣírò rẹ̀, kọ̀ láti tàn káàkiri ayé. Bàlúù dúró sílẹ̀, ilé ìwòsàn sún iṣẹ́ síwájú. Fáìlì kan tí ilé-iṣẹ́ aláàbò CrowdStrike fi ránṣẹ́ ló ní àṣìṣe. Bí wọ́n bá fi Safe Mode tan kọ̀ǹpútà, tí wọ́n pa fáìlì náà rẹ́, ó ń jí padà. Ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ Dell tiẹ̀ tún sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí àwọn kọ̀ǹpútà OptiPlex rẹ̀ pọ̀ nínú tòkunbọ̀. Láàárín ọdún 2003 sí 2005, ó kéré tán kọ̀ǹpútà mílíọ̀nù 11.8 ni Dell kó jáde tó wà nínú ewu nítorí kapásítọ̀ tí kò dára, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìwé ilé-ẹjọ́ tó hàn sí gbangba ní ọdún 2010 ṣe sọ. Kapásítọ̀ jẹ́ agolo kékeré tó dúró lórí bọ́ọ̀dù. Orí èyí tó dára tẹ́jú, orí èyí tó bàjẹ́ á wú, nígbà mìíràn á tu oje. Nírú ìgbà bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni pé bọ́ọ̀dù ló lọ, àmọ́ ẹni tó mọ lédì jó dáadáa lè pààrọ̀ agolo mélòó kan kí bọ́ọ̀dù padà sẹ́nu iṣẹ́.

Àwọn kan á ní iná kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ọwọ́ lásán wá ìdí rẹ̀. Wọ́n jàre. Nínú páwà páàkì, kapásítọ̀ ńlá kan wà tó lè di fóltì tó lé ní 300 mú fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yọ wáyà, nítorí náà ẹ má tú u láéláé. Odidi rẹ̀ ni ká pààrọ̀. Bákan náà, bátìrì láptọ́ọ̀pù tó bá ti wú, ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì tún fi iná sí i. Ohun tí mo ní ká fọwọ́ kàn kò ju mẹ́mórì, bátìrì kékeré àti wáyà lọ, lẹ́yìn tí iná bá ti kúrò. Àwọn mìíràn á ní láptọ́ọ̀pù ìgbàlódé kò ṣeé yọ nǹkan kan kúrò lára rẹ̀ mọ́, pé wọ́n ti jó mẹ́mórì mọ́ bọ́ọ̀dù. Òótọ́ ni fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Síbẹ̀, ṣájà rẹ̀ ṣì lè bàjẹ́, ihò tí ṣájà ń wọ̀ ṣì lè tú, Windows rẹ̀ ṣì lè dàrú, ìpele tó ti dúró ni yóò sì fi èyí hàn yàtọ̀ sí ìyẹn.

Àtakò tó wúwo jù ni ti owó: kí ló dé téèyàn ò kàn ní ra tòkunbọ̀ mìíràn? Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí à ń rà. Ní ọdún 2005, àjọ Basel Action Network ti ìlú Seattle kéde pé púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà àlòkù tó ń gba èbúté Èkó wọlé kò ṣeé lò. Nígbà tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ibùdó Àdéhùn Basel (Basel Convention) tó wà ní Ìbàdàn tún ṣe ìwádìí ní èbúté kan náà lọ́dún 2015 àti 2016, wọ́n rí i pé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 60,000 ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ àlòkù ló ń wọlé lọ́dún, púpọ̀ nínú rẹ̀ há sínú ọkọ̀ tòkunbọ̀, àti pé ó kéré tán tọ́ọ̀nù 15,700 nínú rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ nígbà tó gúnlẹ̀. Ó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin nìyẹn. Ẹni tó bá ta kọ̀ǹpútà tí mẹ́mórì rẹ̀ kàn dọ̀tí ní owó pọ́ọ́kú, tó sì lọ ra òmíràn, lè máa pààrọ̀ àìsàn tó mọ̀ sí èyí tí kò mọ̀, lábẹ́ iná kan náà tó ba ti àkọ́kọ́ jẹ́.

Ó máa ń ṣẹlẹ̀ náà pé kí bọ́ọ̀dù jó gan-an, kó sì kọjá àtúnṣe. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ohun tó wà lórí hard disk ló yẹ ká dù. Wọ́n lè yọ ọ́, kí wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn pẹ̀lú wáyà USB tó wà fún un, kí wọ́n kó àwọn fáìlì jáde. Kẹ́ ẹ tó gbé e dé ọ̀dọ̀ atúnkọ̀ǹpútàṣe, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ṣé fáànù yí, ṣé ó dún, ẹ̀ẹ̀melòó ló dún, kí ló hàn lójú rẹ̀, iná wo ló wà lọ́jọ́ tó kọ̀? Ẹni tó mọṣẹ́ á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, torí ẹ ti gba ìdajì ọjọ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀. Kẹ́ ẹ wá ní kó fi páwà páàkì mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ dán an wò lójú yín, kó tó dárúkọ bọ́ọ̀dù.