T Coronae Borealis: Ìràwọ̀ Tó Ń Múra Àtibú, Bí A Ṣe Lè Ṣọ́ Ọ Láti Jíbówú

Ní oṣù Kẹta, ní nǹkan bí agogo márùn-ún ìdájí, nígbà tí èrò bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ti ń to ẹrù ní Jíbówú, l'Ékòó, àwọn ìràwọ̀ Corona Borealis máa ń wà lókè orí, wọ́n yẹ̀ díẹ̀ sí àríwá. Iná títì kì í sábà jẹ́ ká rí ju ẹyọ kan lọ nínú wọn: Alphecca. Kọjú sí àríwá, na ọwọ́ rẹ: ìwọ̀n ìka mẹ́ta sí ọ̀tún Alphecca ni T Coronae Borealis wà. Ojú lásán kò rí i. Lọ́jọ́ tó bá bú, ìràwọ̀ méjì la ó rí níbẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ jẹ́ méjì tó ń yí ara wọn po ní ọjọ́ 228. Ọ̀kan pupa, ó tóbi ràgàjì; èkejì kéré, ó funfun, ó gbóná ju ìyẹn lọ fíìfíì. Èyí kékeré ń fa gáàsì lára èyí ńlá. Bí gáàsì bá pọ̀ tó lórí rẹ̀, gáàsì náà á gbiná. Ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 1866 àti oṣù Kejì 1946. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ìpele 10 bọ́ sí ìpele 2 (nọ́ńbà kékeré ló mọ́lẹ̀ jù), ìyẹn nǹkan bí ìlọ́po 1,600.

Àwọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ooru rẹ̀. Wọ́n á fi gíláàsì búlúù wọn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, wọ́n á tún fi gíláàsì aláwọ̀ mìíràn wọ̀n ọ́n, wọ́n á fi méjèèjì wéra, nítorí ibi tó gbóná jù ló ń tú búlúù jáde. Ìṣọ́ náà ní ẹ̀tàn: èyí kékeré ti fa èyí pupa gùn bí ẹyin, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ wọn ń lọ sókè sódò ní nǹkan bí ọjọ́ 114 síra, láìjẹ́ pé ohunkóhun fẹ́ bú. Láti 2015 ni búlúù ti pọ̀ sí i. Ní 2023 ó bẹ̀rẹ̀ sí í dín, bó ti dín ní 1945 kó tó bú. Ni àwọn onímọ̀ kan bá ní 2024 ni yóò bú. Ọdún náà parí, kò bú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó ti dín bẹ́ẹ̀ rí kéré jù láti fi dá ọjọ́, lójú tèmi. (Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń rìn tó nǹkan bí 3,000 ọdún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, bíbú tí à ń retí ti ṣẹlẹ̀ tipẹ́.)

Leslie Peltier, olùwo ìràwọ̀ kan ará Ohio ní Amẹ́ríkà, ṣọ́ ìràwọ̀ yìí ju ogún ọdún lọ. Ní òru tó bú ní 1946, ọ̀fìnkìn ń yọ ọ́ lẹ́nu, ló bá padà sórí ibùsùn, kò sì rí bíbú náà.

Ní oṣù Kìíní, ìlà-oòrùn àríwá la ti ń wá a ní ìdájí, bí ọyẹ́ bá gbà. Ní oṣù Kẹfà àti Keje, òkè orí ló máa ń wà ní alẹ́, ṣùgbọ́n ìkùukùu òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà wá láyè. Bó bá bú, ẹ má ṣe fi falẹ̀: láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ojú lásán kò ní rí i mọ́.