Kọ̀ǹpútà Ń Ṣọ́ Ara Rẹ̀. Ta Ní Ń Ṣọ́ Ìwé Owó Wa?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, bí fáírọ́ọ̀sì bá wọ kọ̀ǹpútà tí akọ̀wé fi ń kọ owó wa, ṣé kò ní í pa gbogbo rẹ̀ rẹ́?

Àwọn fáìlì kan ni ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá pa rẹ́, ẹ̀rọ ò ní í jí mọ́. Láti ìgbà Windows Vista, tó dé ọjà ní 2007, TrustedInstaller ló ni wọ́n. Ẹni tó ra ẹ̀rọ pàápàá ò lè ṣàdédé pa wọ́n rẹ́. Apple náà ṣe irú ààbò bẹ́ẹ̀ ní 2015.

Àmọ́ ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ààfin kì í ṣọ́ ìsọ̀ wa lọ́jà. Ìwé tí akọ̀wé lè ṣí, fáírọ́ọ̀sì tó bá gba ọwọ́ rẹ̀ wọlé lè bà á jẹ́. Ní oṣù karùn-ún 2017, WannaCry jà ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 150, títí kan ọsibítù ní Ìlú Ọba. Kò pa ẹ̀rọ. Ìwé àwọn èèyàn ló tì pa, ó ní kí wọ́n wá fowó rà á padà.

Nítorí náà, kí akọ̀wé ṣe ẹ̀dà ìwé owó sínú fláàṣì, kó sì yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀rọ. Kí kálukú wa náà tọ́jú káàdì rẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá kú, a ó ra òmíràn. Owó tí kò ní àkọsílẹ̀, ìjà ló ń dá sílẹ̀.