Títo Òdòdó ní Ọ̀nà Àwọn Ará Jàpáánù

Àwọn ará Jàpáánù ní iṣẹ́ ọnà kan tí wọ́n ń pè ní ikebana, èyí ni títo òdòdó. Ìwé tí a kọ ní 1462 ròyìn Senkei, àlùfáà ẹ̀sìn Búdà kan ní ìlú Kyoto, tí àwọn ènìyàn ń rọ́ lọ wo òdòdó tí ó tò. Ní 1927 ni Sofu Teshigahara dá ilé-ẹ̀kọ́ Sogetsu sílẹ̀, níbi tí a ti ń lo irin, òkúta àti igi gbígbẹ pẹ̀lú.

Ẹ̀kọ́ yìí bá Ọbáléńdé mu, níbi tí ilé fún mọ́ ilé, tí ọgbà ẹlòmíràn kò ju agolo mélòó kan lẹ́bàá ògiri lọ. Ẹ̀ka mẹ́ta ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Bí àwo bá fẹ̀ ní íńṣì 8, tí ó sì ga ní íńṣì 2, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10. Ẹ̀ka àkọ́kọ́ yóò gùn tó 10 àti ààbọ̀ rẹ̀, èyí ni íńṣì 15. Ìkejì yóò jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àkọ́kọ́, ìkẹta ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìkejì. Àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán, ìkejì dà sí ẹ̀gbẹ́, ìkẹta fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn sílẹ̀. Ẹ má ṣe dí àlàfo àárín wọn. Ẹni tí ó bá kó òdòdó kún àwo bí ẹ̀fọ́ tí a dì fún títà kò tíì mọ ìdí iṣẹ́ náà.

Pẹ́rẹ́gún dára fún èyí tí ó dúró, ewé kókò fún ìsàlẹ̀, igi tí omi ọ̀sà gbé gúnlẹ̀ fún ìkejì. Bí kò bá sí àwo onírin ẹlẹ́nu ìṣó tí àwọn ará Jàpáánù fi ń gún ẹ̀ka mọ́lẹ̀, ègé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó. Inú omi ni kí ẹ ti gé ìdí ẹ̀ka, kí afẹ́fẹ́ má baà dí ọ̀nà omi.

Omi náà ni a gbọ́dọ̀ ṣọ́ jù. Ẹ̀fọn tí ń gbé ibà pọ́njú kiri a máa yé ẹyin sára àwo, lókè omi díẹ̀. Ẹyin náà lè gbẹ fún oṣù púpọ̀ láìkú. Bí omi bá kàn án, yóò pa, yóò sì di ẹ̀fọn láàárín nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10. Ibà yìí ni ó pa Adrian Stokes, oníṣègùn tí ó ń ṣèwádìí rẹ̀ ní Èkó, ní 1927. Nítorí náà, dída omi nù nìkan kò tó: ẹ pààrọ̀ omi lójoojúmọ́, kí ẹ sì fi kànrìnkàn àti ọṣẹ fọ inú àwo lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Igi gbígbẹ àti màrìwò gbígbẹ kò nílò omi rárá. Iyanrìn ni kí ẹ fi gbé wọn ró.