Ìtọ́jú Tí Ó Wà fún Àpá Ara

Àwọn àgbà ní ojú àpá kì í jọ ojú ara. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà títí di òní, nítorí kò sí oògùn kan tí ó lè pa àpá rẹ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú wà tí ó lè mú kí àpá tẹ́, kí ó rọ̀, kí ó sì dẹ́kun yíyún. Ó yẹ kí àwọn ará Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Èmùré àti agbègbè wọn mọ̀ nípa rẹ̀, nítorí àdá oko kòkó, epo gbígbóná àti ìjàǹbá ọ̀kadà ń dá ọgbẹ́ sí ènìyàn lára lójoojúmọ́.

Nígbà tí ọgbẹ́ bá ń jiná, ara a máa hun fọ́nrán tuntun láti fi dí ojú rẹ̀. Lára àwọn ẹlòmíràn, iṣẹ́ yìí kì í dáwọ́ dúró, bí ahunṣọ tí kò mọ ìgbà tí aṣọ tó. Àpá náà yóò wú kọjá ojú ọgbẹ́, pàápàá ní etí, àyà, èjìká àti àgbọ̀n. Èyí ni kílọ́ìdì. Alibert, dókítà ará Faransé tí ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1806, fi ọwọ́ akàn ṣe àpèjúwe rẹ̀ nínú orúkọ tí ó padà fún un. Àwa ènìyàn dúdú ni ó wọ́pọ̀ lára jù, ó sì máa ń rìn nínú ìdílé. Kì í ran ẹlòmíràn, kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí a kàn gé e kúrò. Bí a bá gé kílọ́ìdì láìfi ìtọ́jú mìíràn kún un, ó sábà máa ń padà wá, ó sì lè tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nítorí náà, dókítà a máa gún abẹ́rẹ́ triamcinolone sínú àpá náà fúnra rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, fún oṣù púpọ̀. Bí iṣẹ́ abẹ bá pọn dandan, abẹ́rẹ́ yìí ni yóò tẹ̀ lé e. Awẹ́ silicone, tí ó rọ̀ bí rọ́bà, wà pẹ̀lú. Ojú ọgbẹ́ tí ó ti jiná ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, fún wákàtí 12 ó kéré tán lójúmọ́, fún oṣù 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àpá iná tí ó fa ọrùn tàbí ìgbọ̀nwọ́ pọ̀ kò jẹ́ ọ̀ràn ẹwà nìkan, nítorí kì í jẹ́ kí ènìyàn lè ṣiṣẹ́. Oníṣẹ́ abẹ lè tú u sílẹ̀, kí ó sì mú awọ láti itan wá bò ó. Ṣùgbọ́n bí egbò tí kò jiná bá yọ lójú àpá iná àtijọ́, kí olúwarẹ̀ má ṣe jáfara, nítorí ó lè di jẹjẹrẹ.

Àwọn ohun kan wà tí ó yẹ láti yàgò fún. Ìpara ìbóra tí mercury wà nínú rẹ̀ ń ba kíndìnrín jẹ́. Fífi òwú so àpá tàbí fífi abẹ gé e nílé a máa fa egbò tuntun. Bí iná bá jó ènìyàn, omi tútù tí ń ṣàn ni kí a dà sí i fún ìṣẹ́jú 20. Kí a má ṣe fi epo pupa tàbí ẹyin pa á. Ẹni tí kílọ́ìdì wà nínú ìdílé rẹ̀ kò gbọdọ̀ lu ihò ara tí kò pọn dandan. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sì ka ilà kíkọ fún ọmọdé léèwọ̀.

Ilé ìwòsàn ìjọba tí ó súnmọ́ ni ibi ìbẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀, dókítà lè fi ìwé rán aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Adó-Èkìtì tàbí Ìdó-Èkìtì. Kí ó sọ ìgbà tí àpá náà bẹ̀rẹ̀ sí wú àti gbogbo ohun tí ó ti fi pa á. Àpá tí a tètè mú lọ síbẹ̀ ni ó rọrùn jù láti tọ́jú.