Ọta Ìbọn Ọdẹ àti Ìtàn Kátíríìjì

Ẹ̀yin ará wa ní Challenge ní Ìlọrin, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó mọ ṣakabùlà. Ọdẹ fúnra rẹ̀ ni í wọn ẹ̀tù, a dà á sí ẹnu ìbọn, a fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kì í, kí ó tó kó ọta irin tí alágbẹ̀dẹ gé lé e lórí.

Ní Yúróòpù a ti kọ èyí sílẹ̀ tipẹ́. Ní 1835 Lefaucheux, ará Faransé, ṣe ìbọn tí a ń kì láti ìdí. Ní 1855 Pottet tún kátíríìjì rẹ̀ ṣe: ẹ̀tù, ìdí àárín, àti ọta òjé, gbogbo rẹ̀ nínú àkótán páálí kan.

Èéṣe tí ṣakabùlà fi pẹ́ lọ́wọ́ tiwa? Kì í ṣe àìmọ̀. Nígbà ogun Kírìjì (1877 sí 1893), àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó fi ìbọn tí a ń kì láti ìdí ránṣẹ́ sílé, ó sì ni Ìbàdàn lára. Ṣùgbọ́n ní 1890 àwọn ìjọba Yúróòpù pàdé ní Brussels, wọ́n sì ṣòfin pé kí a má ta irú rẹ̀ fún ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà mọ́. Ṣakabùlà nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda. Ní oṣù kejì ọdún 1897, nígbà tí Royal Niger Company kọlu Ìlọrin, ìbọn Maxim ni wọ́n fi pàdé àwọn ẹlẹ́ṣin.

Nọ́mbà ìbọn a máa tan ènìyàn jẹ. Bí a bá pín òjé pọ́n-ùn kan sí ọta róbótó 12 ọgbọọgba, ọ̀kan nínú wọn ni ó bá ihò ìbọn 12 mu. Nítorí náà ihò 28 kéré sí ti 12. Ti .410 yàtọ̀, ìdá inṣi ni a fi wọ̀n ọ́n.

Fún ẹran ńlá, Brenneke ní Jámánì ṣe ọta òjé kan ṣoṣo ní 1898. Foster ní Amẹ́ríkà ṣe tirẹ̀ ní 1931. Àwọn kan sì ń fẹ́ fara wé wọn, wọ́n ń fi irin gígé kún kátíríìjì tí a ti yìn. Òfin ìbọn ti 1959 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti dá ọta rọ nílé. Ìdí sì wà: ẹ̀tù aláìléèéfín tí ilé iṣẹ́ ń lò lágbára ju ẹ̀tù dúdú lọ fíìfíì, ẹni tí ó bá fi ìwọ̀n kan náà wọn méjèèjì, ìbọn lè fọ́ mọ́ ọn lójú. Kí a má sì gbẹ́kẹ̀ lé kékeré kátíríìjì. Ní Amẹ́ríkà, ipá tí a gbà fún .410 tí ó gùn ní inṣi 3 jẹ́ 13,500 pọ́n-ùn lórí inṣi kan níbùú lóròó. Ti 12 tí ó wọ́pọ̀ jẹ́ 11,500.